Àkọsílẹ̀ iṣẹ́ àtúnṣe: háàdì díìsìkì 500 GB tí ìwé ìpín rẹ̀ bàjẹ́

Ọjọ́ kìíní

Háàdì díìsìkì tí mo ń ṣàkọsílẹ̀ àtúnṣe rẹ̀ yìí kì í ṣe ti oníbàárà. Ti ilé wa ni. Ọdún 2011 ni mo rà á. Ó gba 500 GB, okùn USB ni a fi ń so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, èmi gan-an ni mo sì fọ́ọ̀màtì rẹ̀ sí FAT32, ọ̀kan lára àwọn ètò tí díìsìkì fi ń to fáìlì, nítorí pé ẹ̀rọ DVD tó wà ní pálọ̀ wa nígbà náà kò lè ka irú mìíràn. Windows ìgbà náà kò gbà kí ènìyàn fọ́ọ̀màtì ohun tó bá ju 32 GB lọ sí FAT32, mo wá lọ wá ohun èlò kékeré kan tí kò ka òfin yẹn sí. Ibẹ̀ ni gbòǹgbò wàhálà yìí wà, kò sì sí ẹlòmíràn tí mo lè di ẹ̀bi rẹ̀ rù.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa, ó sì fẹ́ da fíìmù kan tó tó 6 GB sórí rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kọ̀, ó ní fáìlì náà ti tóbi jù fún ètò ìfipamọ́ tó wà lórí díìsìkì. Ohun tí ọmọ náà gbọ́ ni pé díìsìkì ti kún, bẹ́ẹ̀ àyè tó ju 200 GB lọ ló ṣófo níbẹ̀. Ibi tí FAT32 ń kọ ìwọ̀n fáìlì sí kò ju báìtì 4 lọ, nọ́ńbà tó ga jù tí báìtì 4 sì lè gbà ni 4,294,967,295. Fáìlì tó bá fi báìtì kan péré ju ìyẹn lọ, kò síbi tí a ó kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí, bí gbogbo díìsìkì tilẹ̀ ṣófo. Ọmọ náà pa àwọn fódà tó dà bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò lò mọ́ rẹ́ kí àyè lè gbà á, ó tún gbìyànjú, kọ̀ǹpútà tún kọ̀. Ibi tó ti ń gbìyànjú lẹ́ẹ̀kẹta ni iná ti lọ, tó dé, tó tún lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kọ̀ǹpútà ìdí tábìlì tó ń lò kò sì ní UPS. Láti ìgbà náà, bí a bá so díìsìkì yìí mọ́ kọ̀ǹpútà èyíkéyìí, ohun kan ṣoṣo tó ń béèrè ni pé ṣé kí òun fọ́ọ̀màtì rẹ̀.

Mo bi í pé ṣé ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Rárá o, Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ̀rù bà mí, mo kàn fa okùn rẹ̀ yọ ni." Ẹ̀rù yẹn ló kó wa yọ.

Nínú fódà tó pa rẹ́ ni fáìlì kan wà tó ń jẹ́ IYAAGBA.WAV, ohùn ìyá tó bí ìyá mi, tí mo gbà sílẹ̀ ní ọdún 2012 nígbà tó ń ki oríkì Oníkòyí fún ìṣẹ́jú 47 láì mí. Ìyá Àgbà ti lọ, ẹ̀dà mìíràn kò sì sí. Ohun tí mo jókòó tì nìyẹn.

Àkọ́kọ́ ohun tí mo ṣe ni pé mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan lórí díìsìkì náà. Mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux dípò Windows, mo sọ fún Linux pé kò gbọdọ̀ kọ nǹkan kan sí i, mo sì bi díìsìkì léèrè ìlera rẹ̀ pẹ̀lú smartctl, tí mo fi "-d sat" kún un kí ìbéèrè náà lè gba inú okùn USB kọjá. Ìlà 5, tó ń ka ibi tí díìsìkì ti pa tì tó sì ti fi òmíràn rọ́pò, wà ní 0. Ìlà 197, tó ń ka sẹ́kítọ̀ tí kò rí kà tí kò sì tíì pinnu ohun tí yóò fi wọ́n ṣe, wà ní 24. Mo ra epo sí jẹnẹrétọ̀ kí n tó ṣe ohun tó kàn, torí pé kò ní bójú mu kí iná tún lọ mọ́ wa lọ́wọ́. Àṣẹ tí mo fi ṣe ẹ̀dà gbogbo díìsìkì náà sínú fáìlì kan ni èyí:

ddrescue -d -r3 /dev/sdb oriki.img oriki.map

Ìwà GNU ddrescue ni pé kì í bá ibi tó le jà lákọ̀ọ́kọ́. Ó kọ́kọ́ kó gbogbo ibi tó rọrùn, ó sàmì sí ibi tó kọ̀, ó wá padà wá sí ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ náà gbà á ní bíi wákàtí márùn-ún. Nínú sẹ́kítọ̀ 976,773,168 tó wà lórí díìsìkì, 24 péré ni kò rí kà, mẹ́jọ mẹ́jọ ní ọ̀nà mẹ́ta. Láti ibí lọ, orí ẹ̀dà yìí ni gbogbo iṣẹ́ ti wáyé. Díìsìkì fúnra rẹ̀ wọ inú dúrọ́ọ̀.

Mẹ́jọ mẹ́jọ yẹn kì í ṣe àkọsẹ̀bá. Sẹ́kítọ̀ ni ibi tó kéré jù lọ tí díìsìkì lè kà tàbí kọ lẹ́ẹ̀kan, báìtì 512 ló sì jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láti nǹkan bí ọdún 2010 sí 2011 ni àwọn tó ń ṣe háàdì díìsìkì ti sọ ọ́ di 4,096, ṣùgbọ́n kí kọ̀ǹpútà àtijọ́ má bàa ṣìnà, díìsìkì ṣì ń ṣe bí ẹni pé 512 ni òun ń kà. Sẹ́kítọ̀ mẹ́jọ tí a rí lójú jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo lára irin. Bí ẹyọ yẹn bá bàjẹ́, mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lọ nìyẹn.

Ọjọ́ kejì

Kí ohun tí mo ṣe lónìí tó lè yé ènìyàn, ó yẹ kí n sọ bí FAT32 ṣe ń pín àyè. Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń ta ilẹ̀ ní àgbègbè wa ti mọ ìdajì rẹ̀. Wọn kì í ta ilẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Pulọ́ọ̀tì ni wọ́n ń tà, ẹni tó bá sì fẹ́ kọ́ ilé adìẹ, odindi pulọ́ọ̀tì ni yóò sanwó rẹ̀. Bákan náà ni díìsìkì ń kó sẹ́kítọ̀ jọ di ohun tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní cluster, èyí tí èmi yóò máa pè ní pulọ́ọ̀tì nínú àkọsílẹ̀ yìí. Fáìlì kan lè gba pulọ́ọ̀tì kan tàbí púpọ̀, ṣùgbọ́n odindi odindi ni, kò lè gba ààbọ̀. Fáìlì tó jẹ́ báìtì 300 yóò jẹ odindi kan, ìyókù yóò wà lófo, fáìlì mìíràn kò sì ní lè bá a gbé níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ti díìsìkì ti yàtọ̀ ni pé pulọ́ọ̀tì fáìlì kan kò ní láti fara kan ara wọn. Nínú fódà, ìlà kan wà fún fáìlì kọ̀ọ̀kan, báìtì 32 ni ìlà náà: orúkọ, ọjọ́, ìwọ̀n, àti nọ́ńbà pulọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ nìkan. Èyí tó kù wà nínú ìwé ìpín, tí FAT gba orúkọ rẹ̀ lára rẹ̀, níbi tí pulọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan ti ní àyè báìtì 4 tirẹ̀. Bí ìlà orúkọ bá sọ pé 40 ni fáìlì ti bẹ̀rẹ̀, a ó lọ wo àyè 40 nínú ìwé ìpín, yóò ní "ó kàn 41". Àyè 41 lè ní "ó kàn 97". 97 lè ní 0FFFFFFF, tó túmọ̀ sí pé ó parí. Àyè tó bá jẹ́ 0, kò lólúwa. Kò sí ibòmíràn tí a kọ ẹni tó ni ilẹ̀ sí. Ọdún 1977 ni Marc McDonald ṣe FAT àkọ́kọ́ ní Microsoft, fún díìsìkì pẹlẹbẹ tí kò gba nǹkan kan. FAT32 dé ní ọdún 1996, ọgbọ́n kan náà ni, nọ́ńbà rẹ̀ ló kàn gùn sí i.

Ohun tó sọ bí gbogbo èyí ṣe tò fún kọ̀ǹpútà ni sẹ́kítọ̀ àkọ́kọ́ nínú pátíṣàn, ìyẹn apá díìsìkì tí a fọ́ọ̀màtì: sẹ́kítọ̀ mélòó ló wà nínú pulọ́ọ̀tì kan, ibo ni ìwé ìpín ti bẹ̀rẹ̀, báwo ló ṣe gùn tó. Láìsí i, ẹrù wà nínú ilé ṣùgbọ́n a kò mọ ibi tí ilẹ̀kùn wà. Mo lọ wò ó nínú ẹ̀dà mi, òfo ni mo bá: ọ̀kan nínú ọ̀nà mẹ́ta tó bàjẹ́ bọ́ sí sẹ́kítọ̀ 0 sí 7 gan-an. Ọkàn mi balẹ̀ síbẹ̀, torí pé FAT32 máa ń tọ́jú ẹ̀dà sẹ́kítọ̀ yìí sí sẹ́kítọ̀ 6. Àfìgbà tí mo kà á lẹ́ẹ̀kejì. Mẹ́fà wà láàárín 0 sí 7.

Ó bí mi nínú díẹ̀, kí n má purọ́. Ní ọdún 1996, sẹ́kítọ̀ 0 àti sẹ́kítọ̀ 6 jẹ́ ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lára irin, ẹ̀dà náà sì ní ìtumọ̀. Lára díìsìkì tó ń lo 4,096, inú ẹyọ kan ni àwọn méjèèjì wà. Ẹni tó tọ́jú ìwé ilẹ̀ àti fọ́tòkọ́pì rẹ̀ sínú àpótí kan náà ni.

Kò sí ohun tó kù ju kí n ṣírò ohun tó wà nínú sẹ́kítọ̀ náà láti ara ohun tó yí i ká. TestDisk, ètò kan tí a fi ń tún díìsìkì ṣe, lè ṣe irú ìṣirò yìí fúnra rẹ̀, mo sì lò ó nígbẹ̀yìn láti fi yẹ tèmi wò, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kọ́kọ́ fi ojú ara mi rí i. Ohun tí mo gbára lé ni pé gbogbo fódà tó wà nínú FAT, yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ olórí, ní ìlà àkọ́kọ́ tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ àmì ìdánudúró kan ṣoṣo, ìlà náà sì ń sọ nọ́ńbà pulọ́ọ̀tì tí fódà yẹn fúnra rẹ̀ wà. Fódà kọ̀ọ̀kan mọ àdírẹ́sì ara rẹ̀. Mo kọ ètò kékeré kan láti wá irú ìlà bẹ́ẹ̀ káàkiri ẹ̀dà mi, mo sì mú méjì nínú ohun tó rí. Ọ̀kan wà ní sẹ́kítọ̀ 238,512 nínú pátíṣàn, ó ní pulọ́ọ̀tì 3 ni òun. Èkejì wà ní sẹ́kítọ̀ 4,795,376, ó ní 71,204 ni òun. Sẹ́kítọ̀ 4,556,864 ló wà láàárín wọn, pulọ́ọ̀tì 71,201 ló wà láàárín wọn. Bí a bá pín in, 64 géérégé ni, láìṣẹ́kù. Sẹ́kítọ̀ 64 ni pulọ́ọ̀tì kan nìyẹn, báìtì 32,768.

Nígbà tí mo ti mọ ìyẹn, ìyókù tẹ̀ lé e bí okùn. Pulọ́ọ̀tì 3 wà ní 238,512, pulọ́ọ̀tì 2 gbọ́dọ̀ wà ní 238,448, orí 2 ni kíkà sì ti ń bẹ̀rẹ̀ nínú FAT, nítorí pé àyè 0 àti 1 nínú ìwé ìpín ní iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n ń ṣe. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ títà ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé ìpín wà lẹ́ẹ̀mejì, èkejì tẹ̀ lé èkíní, ilẹ̀ tẹ̀ lé èkejì. Báìtì tí ìwé ìpín fi ń bẹ̀rẹ̀ lórí háàdì díìsìkì ni F8 FF FF, mo sì bá a ní sẹ́kítọ̀ 119,242. Láti ibẹ̀ dé 238,448 jẹ́ 119,206. Gígùn ìwé kan nìyẹn. Bí mo bá yọ 119,206 kúrò nínú 119,242, ó ku 36: ibẹ̀ ni ìwé ìpín àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀, bí ojú ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tilẹ̀ ti lọ. Mo kọ àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí sínú sẹ́kítọ̀ tuntun, mo fi 55 AA parí rẹ̀, mo sì tẹ̀ ẹ́ sórí ẹ̀dà. TestDisk fẹnu kò sí gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta

Ọ̀nà kejì tó bàjẹ́ bọ́ sí sẹ́kítọ̀ 32 sí 39, ó sì jẹ sẹ́kítọ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ nínú ìwé ìpín kìíní. Èyí kò ṣòro. Mo mú sẹ́kítọ̀ mẹ́rin náà láti inú ìwé kejì, mo fi dí àlàfo, mo sì fi ìwé méjèèjì wé ara wọn láti òkè dé ilẹ̀; wọ́n bára mu. Ẹ̀dà tí a gbé jìnnà sí ojúlówó rẹ̀ mà dára o.

Mo ṣí ẹ̀dà náà ní ipò kíkà nìkan, gbogbo fódà tó yẹ kó wà níbẹ̀ sì jáde. fsck.fat, ètò tó ń yẹ FAT wò, tí mo sọ fún pé kó wò ó láìfọwọ́ kàn án, rí ẹjọ́ kan: fáìlì méjì ń sọ pé àwọn ló ni pulọ́ọ̀tì mẹ́ta kan náà. Mo rẹ́rìn-ín, torí pé mo mọ ọmọ onílẹ̀ tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ṣí méjèèjì: fọ́tò kan pé pérépéré, fáìlì ọ̀rọ̀ kan sì di jákujàku láti àárín lọ. Fọ́tò ló ni ilẹ̀. Mo da méjèèjì kọ síbòmíràn, mo sì kọjá.

Ọjọ́ kẹrin

Fáìlì Ìyá Àgbà.

Bí a bá pa fáìlì rẹ́ lórí FAT32, ohun tó wà lórí irin kò yẹsẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ló ń ṣẹlẹ̀. Báìtì àkọ́kọ́ nínú orúkọ rẹ̀ yóò di E5, èyí tó túmọ̀ sí pé ìlà yìí ti ṣófo. Gbogbo àyè rẹ̀ nínú ìwé ìpín yóò di 0, lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀, tó sì ń fìyà jẹ ẹni tó bá fẹ́ gba nǹkan padà: nọ́ńbà pulọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ wà nínú ìlà orúkọ ní ìdajì méjì, báìtì méjì níbì kan, báìtì méjì níbòmíràn, Windows sì máa ń sọ ìdajì tó ga di 0 nígbà tó bá ń pa fáìlì rẹ́. Ìdajì tó kéré yóò wà. Ẹni tó bá tẹ̀ lé e bó ṣe wà yóò já sí ilé onílé.

Mo rí ìlà náà. Ó ń jẹ́ ?YAAGBA.WAV báyìí, lẹ́tà I ti lọ, èmi ni mo sì dá a padà. Ìwọ̀n rẹ̀ wà níbẹ̀ láìyingin: 497,448,044. Ìyẹn bá ìrántí mi mu, nítorí pé ohùn irú èyí, tí a gbà ní 44,100 lẹ́ẹ̀kan ìṣẹ́jú àáyá, ọ̀nà méjì, báìtì méjì ọ̀kọ̀ọ̀kan, ń jẹ báìtì 176,400 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìṣẹ́jú 47 rẹ̀ jẹ́ 497,448,000, báìtì 44 iwájú sì ni orí fáìlì. Bí a bá fi 32,768 pín in, pulọ́ọ̀tì 15,181 ló gbà. Ìdajì tó kù lára nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni 20,417.

Nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ náà lè jẹ́ 20,417 gan-an. Ó lè jẹ́ 65,536 ní àfikún 20,417, tàbí ìlọ́po méjì 65,536 ní àfikún rẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ títí tí ilẹ̀ yóò fi tán. Díìsìkì yìí ní pulọ́ọ̀tì 15,258,290, nítorí náà ibi 233 ló ṣeé ṣe kó ti bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan ńlá fún kọ̀ǹpútà. Fáìlì WAV ń fi lẹ́tà RIFF bẹ̀rẹ̀, báìtì mẹ́rin tó tẹ̀ lé e sì ń sọ ìwọ̀n fáìlì láìka mẹ́jọ àkọ́kọ́, ìyẹn 497,448,036 fún tiwa. Mo ní kí ètò mi lọ kan ilẹ̀kùn 233 náà lọ́kọ̀ọ̀kan. RIFF dáhùn ní ibi mẹ́ta, ẹyọ kan ṣoṣo ló sì mọ ìwọ̀n ara rẹ̀: ìlọ́po 41, pulọ́ọ̀tì 2,707,393, ní sẹ́kítọ̀ 173,511,472.

Mo dìde kúrò nídìí kọ̀ǹpútà, mo lọ mu omi.

Ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni mo tíì ní, torí pé ìwé ìpín ti di 0, okùn tó so pulọ́ọ̀tì kan mọ́ èkejì sì ti já. Èrò tí mo tẹ̀ lé ni pé nígbà tí mo da ohùn yìí sórí díìsìkì ní 2012, kọ̀ǹpútà á máa mú pulọ́ọ̀tì òfo tó bá kàn lọ síwájú ni, á sì máa fo èyí tó bá ti lólúwa. Nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀ láti 2,707,393, mo ń mú gbogbo èyí tí ìwé ìpín sọ pé ó jẹ́ 0, mo ń fo èyí tó ní nọ́ńbà, títí mo fi kà 15,181. Mo kó wọn jọ sínú fáìlì kan, mo gé e sí 497,448,044, mo so gbohùngbohùn mọ́ kọ̀ǹpútà, mo tẹ̀ ẹ́.

Ohùn rẹ̀ jáde. Ìyá mi tó ń gé ewédú ní bàrákà dákẹ́ ọ̀bẹ.

Ọjọ́ karùn-ún

Nígbà tó dé ìṣẹ́jú 31, Ìyá Àgbà ń wí pé "Ọmọ Ẹ̀ṣọ́ kì í gbọfà...", ariwo kan sì bo "lẹ́yìn" mọ́lẹ̀, bí ẹni pé òjò ń rọ̀ sórí páànù. Ó ń rọ̀ fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 21, lẹ́yìn náà ni ó parí ọ̀rọ̀ tó ń sọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì: ohùn náà kò fo. Kò sí ohun tó sọnù níbẹ̀, ohun àjèjì kan ló wọ àárín rẹ̀. Ní ìparí fáìlì, ọ̀rọ̀ já lójijì, ó ku bí ìṣẹ́jú àáyá 21 kí ó parí.

Mo ṣí ibi tí ariwo ti bẹ̀rẹ̀ wò ní báìtì. FF D8 FF. Fọ́tò JPEG ni. Nígbà tí mo da ohùn sórí díìsìkì ní 2012, fọ́tò yìí ti wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà sì fò ó. Ní ọjọ́ tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń wá àyè, ó pa fọ́tò náà rẹ́ pẹ̀lú ìyókù, àyè rẹ̀ di 0, èmi náà wá gbà á fún ilẹ̀ Ìyá Àgbà. Mo rí ìlà orúkọ rẹ̀ nínú fódà mìíràn tí a pa rẹ́: ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ báìtì 3,648,912, pulọ́ọ̀tì 112. Báìtì 3,670,016 nìyẹn bí a bá ka odindi pulọ́ọ̀tì. Bí a bá fi 176,400 pín in, ó di ìṣẹ́jú àáyá 20.8. Òjò orí páànù wa nìyẹn, kò lé, kò dín.

Mo yọ 112 náà kúrò, mo mú 112 òfo sí i ní ìparí, mo tún un gbọ́ látòkè délẹ̀. "Ọmọ Ẹ̀ṣọ́ kì í gbọfà lẹ́yìn." Ó pé. Fọ́tò náà pé pẹ̀lú: ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, pẹ̀lú gèlè kan tó ti kọ̀ láti gbà pé òun wé rí.

Nǹkan kékeré kan tún wà tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀. Pulọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn nínú fáìlì náà kò kún. Báìtì 2,964 ló ṣẹ́kù nínú rẹ̀ lẹ́yìn ohùn. Mo wo ibẹ̀, mo sì bá àjẹkù lẹ́tà ìbéèrè iṣẹ́ kan tí mo kọ ní 2011, láti àárín gbólóhùn kan lọ, níbi tí mo ti ń yin ara mi. Mo ti pa lẹ́tà náà rẹ́ tipẹ́, ohùn gba ilẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn kò kọ́ ilé dé ẹ̀yìnkùlé, ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò sì kúrò. Ẹni tó bá fẹ́ ta díìsìkì rẹ̀ ní ọjà ẹ̀rọ àlòkù, kó rántí ẹ̀yìnkùlé.

Ọjọ́ kẹfà

Mo da gbogbo ẹrù náà sórí díìsìkì tuntun tí mo fọ́ọ̀màtì sí ext4, mo sì da ohùn Ìyá Àgbà sí ibi méjì mìíràn, ọ̀kan lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Ó wù mí láti sọ ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Fún FAT32, ohùn ìṣẹ́jú 47 yìí jẹ́ okùn tó ní kókó 15,181, tí a gbọ́dọ̀ tọ̀ láti ọ̀kan dé èkejì. ext4, tó wọ Linux ní ìparí ọdún 2008, kì í ka pulọ́ọ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kàn ń kọ ọ́ pé "láti ibí, ó gùn tó báyìí", ìlà kan bẹ́ẹ̀ sì lè gùn dé 128 MiB. Ibi tí ó ti ń tọ́jú ọ̀rọ̀ nípa fáìlì kan ní àyè fún irú ìlà mẹ́rin láìlọ wá àyè síbòmíràn. Bí ilẹ̀ bá tẹ́jú, mẹ́rin náà ló tó fún ohùn wa. Ó tún ní ìwé ìjẹ́rìí tó ń kọ ohun tó fẹ́ ṣe sílẹ̀ kó tó ṣe é, kí iná tó bá lọ má bàa bá a láàárín ọ̀nà. Ohun tí mo kò fẹ́ràn nípa rẹ̀ ni pé bí a bá pa fáìlì rẹ́ níbẹ̀, àwọn ìlà yẹn yóò di òfo pátápátá, irú iṣẹ́ tí mo ṣe lọ́jọ́ kẹrin kò sì ní rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi da á sí ibi mẹ́ta.

Ọ̀nà kẹta tó bàjẹ́ bọ́ sí àárín fọ́tò kan láti 2013. Báìtì 4,096 lọ nínú rẹ̀, ìlà eérú kan sì gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó ku díìsìkì fúnra rẹ̀. Nígbà tí mo ti rí i dájú pé kò sí ohun tó kù lórí rẹ̀ tí mi ò ní, mo gbé e jáde nínú dúrọ́ọ̀, mo kọ 0 sí i láti sẹ́kítọ̀ àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn, mo sì tún bi í léèrè ìlera rẹ̀. Ìlà 197 ti padà sí 0. Ìlà 5 ti di 8. Nígbà tí díìsìkì bá ní sẹ́kítọ̀ tí kò rí kà, kì í mọ̀ bóyá irin ló ń ṣàìsàn tàbí ohun tí a kọ síbẹ̀ ni kò pé, àfi ìgbà tí a bá tún kọ nǹkan sí i. Nínú 24, mẹ́rìndínlógún gba ohun tuntun, wọ́n sì kà á padà láìsí ìṣòro: kò sí ohun tó ṣe irin níbẹ̀. Ibi méjì ni, iná sì lọ lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbà pé ìkọ̀wé ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí iná lọ lẹ́ẹ̀kìíní, òmíràn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Mẹ́jọ inú fọ́tò 2013 nìkan ni irin rẹ̀ ti rẹ̀ lóòótọ́, díìsìkì sì ti pa wọ́n tì.

Mo fọ́ọ̀màtì rẹ̀ sí exFAT, tí kò ní ìdíwọ́ 4 GB yẹn, mo lẹ bébà mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ pé "FÍÌMÙ NÌKAN", mo sì fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Fíìmù 6 GB rẹ̀ wọlé ní ìgbìyànjú àkọ́kọ́.